Òkun Tó Ń Kan: Ta Ló Ń Tọ́ Ọ Wò?

Ọ̀rọ̀ omi òkun ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti òkun tó ń ya wọlé, kì í sì í ṣe ti epo rọ̀bì tó dà sórí omi. Ewu tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Àfi kí èèyàn wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan tí wọ́n ti jẹ palaba ìyà rẹ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, apá òkun kékeré kan wà tó wọ inú ilẹ̀. Netarts Bay ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ kan wà létí omi náà, Whiskey Creek lórúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí wọ́n mú ọmọ ọ́ísítà jáde láti inú ẹyin. Ọ́ísítà ni ẹ̀dá omi tó ń gbé láàárín ìkarahun líle méjì. Àwọn ará etí ọ̀sà wa mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà nínú omi iyọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ọ́ísítà káàkiri etíkun yẹn ló ń ra ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ Whiskey Creek láti lọ sìn. Nígbà tó di ọdún 2007, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí kú. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Odidi àgbá omi tí wọn kò lóǹkà nínú rẹ̀ ni ikú ń kó lọ.

Àìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń pa ọmọ ọ́ísítà, Vibrio tubiashii, wọ́n sì rí i nínú omi wọn lóòótọ́. Wọ́n náwó, wọ́n nára, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọlé tó ń sẹ́ omi, tó sì ń pa kòkòrò. Kòkòrò lọ, ikú kò lọ. Nígbà tí 2008 fi máa dé ìdajì, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀ pátápátá.

Alan Barton, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn níbẹ̀, wà lára àwọn tó fura sí omi fúnra rẹ̀. Òun àti Burke Hales, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon, bẹ̀rẹ̀ sí wo ohun tó wà nínú omi náà yàtọ̀ sí kòkòrò. Ó ṣe wẹ́kú pé ní 2007 kan náà ni Richard Feely àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òkun àti ojú ọjọ́, gbé ọkọ̀ ojú omi láti Kánádà dé Mẹ́síkò, tí wọ́n ń fa omi láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní gbogbo ibi tí wọ́n bá dúró sí. Wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2008 nínú ìwé ìròyìn Science. Omi tó lè jẹ ìkarahun, tí àwọn onímọ̀ rò pé ìsàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún ló ṣì wà, ti gòkè dé ẹ̀bá ilẹ̀.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Nígbà ooru ilẹ̀ wọn, atẹ́gùn àríwá máa ń ti omi ojú òkun kúrò lẹ́bàá ilẹ̀, omi tútù ìsàlẹ̀ á sì ru wá sókè láti gba ipò rẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yìí ti pẹ́ nínú òkùnkùn. Ó ti tó ọdún 30 sí 50 tó ti fojú kan afẹ́fẹ́ kẹ́yìn. Òkú ẹ̀dá tó ń jẹrà nísàlẹ̀ níbẹ̀ ti tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì sínú rẹ̀. Lórí ìyẹn ni ti ọwọ́ èèyàn tún wá gun, èyí tí omi náà ti gbé mì láti ojú ọ̀run kó tó rì sísàlẹ̀. Ẹ kíyè sí i: omi tó pa ọmọ ọ́ísítà ní 2007, èéfín ìgbà àwọn bàbá wa ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí àwa ń tú sílẹ̀ lónìí kò tíì gòkè wá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ohun tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì ń ṣe nínú omi. Òun ni afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, òun náà ni jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀, èédú ilẹ̀ àti gáàsì tí à ń sun ń tú sójú ọ̀run. Nínú gbogbo èyí tí ọmọ aráyé ń tú síta lọ́dọọdún, òkun ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mì. Oore ńlá ni, torí bí òkun kò bá gbé e mì, ooru tó ń mú ayé ì bá ti ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n òkun ń san owó oore náà. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá ti wọnú omi, ó ń di ásíìdì tí kò lágbára púpọ̀, èyí kan náà tó wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ń hó. Ásíìdì náà ń tú háídrójìn sílẹ̀, háídrójìn á sì máa wá ohun tí yóò so mọ́. Kábọ́nẹ́ètì ló sábà máa ń rí gbá mú. Kábọ́nẹ́ètì yìí gan-an sì ni ọ́ísítà, ìṣáwùrú, akàn àti iyùn inú òkun ń pò mọ́ kálísíọ́mù láti fi ṣe ìkarahun. Bí kábọ́ọ̀nù ṣe ń pọ̀ sí i nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé ń ṣọ̀wọ́n.

Ẹ lè dán ohun kan wò nílé. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, ẹ ju èèpo ẹyin sí i. Ẹ ó rí ìfóófòó kéékèèké tí yóò máa jáde lára èèpo náà, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ mọ́jú, èèpo á ti rọ̀. Kálísíọ́mù kábọ́nẹ́ètì ni èèpo ẹyin, òun náà ni ìkarahun ọ́ísítà. Ṣùgbọ́n kí n tètè fi kún un pé òkun kò kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn rárá. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní àgbọ́kà, wọ́n sì ń sọ fún ọmọdé pé òkun yóò bó èèyàn lára. Irọ́ ni.

Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pH. Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Søren Sørensen, ló gbé e kalẹ̀ ní 1909 nínú yàrá ìwádìí ilé ìpọntí Carlsberg ní Copenhagen. 7 ni àárín. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 ti kan, èyí tó bá wà lókè 7 kò tíì kan. Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó gbòde, omi ojú òkun wà ní nǹkan bí 8.2. Lónìí, ó wà ní nǹkan bí 8.1. Ẹnìkan lè sọ pé kí ni 0.1 já mọ́. Bí òṣùwọ̀n yìí ṣe ń lọ ni pé bí ó bá fi oókan péré wálẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá ni kíkan fi pọ̀ sí i. Nítorí náà, 0.1 tí ẹ gbọ́ yẹn túmọ̀ sí pé háídrójìn inú òkun ti fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Òkun ò tíì kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà kíkan ló dorí kọ, àwọn ẹ̀dá tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ ọ́ísítà jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì tí ẹyin bá ti gba àtọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ ìkarahun rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò tíì lè jẹun nígbà náà. Oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un sínú ẹyin nìkan ló ń ná. George Waldbusser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon fi hàn pé bí kábọ́nẹ́ètì bá ti ṣọ̀wọ́n nínú omi, ọmọ náà yóò ná oúnjẹ yẹn tán lórí ìkarahun kan ṣoṣo kó tó dàgbà tó ẹni tó ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ebi ló ń pa á kú, pẹ̀lú ìkarahun tí kò parí lọ́rùn. Àgbàlagbà ọ́ísítà tó wà nínú omi kan náà lè máà fi hàn pé nǹkan kan ń ṣe é. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń kó ọ́ísítà lè máa kó o lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, kó máà mọ̀ pé àwọn tí yóò rọ́pò wọn kò sí mọ́.

Nígbà tí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Whiskey Creek, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sẹ́nu ọ̀nà omi tí wọ́n ń fà wọlé. Hales ló ṣe ẹ̀rọ náà, Burkolator ni wọ́n sì ń pè é, láti ara orúkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án, lóru, ó ń wọn kábọ́ọ̀nù inú omi. Ohun tí ẹ̀rọ yìí fi hàn wọ́n wú mi lórí gan-an. Omi inú Netarts Bay kì í rí bákan náà láti àárọ̀ dé alẹ́. Koríko inú omi pọ̀ níbẹ̀; bí oòrùn bá ti mú, wọ́n á máa fa kábọ́ọ̀nù mu láti fi ṣe oúnjẹ, omi á sì sàn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á tún máa mí in síta, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi ti burú. Àárọ̀ ni wọ́n sì ti máa ń fa omi wọn tẹ́lẹ̀! Wọ́n sún un sí ọ̀sán. Ní àwọn ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ru omi ìsàlẹ̀ sókè, wọ́n ń da sódíọ́mù kábọ́nẹ́ètì sínú àgbá, ìyẹn ìbátan káún tí à ń rà lọ́jà láti se ewédú. Iṣẹ́ padà bọ̀ sípò. Àwọn onímọ̀ náà kọ ìwádìí yìí jáde ní 2012, ó sì wà lára àwọn ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó so òwò gidi tó fẹ́ wó pọ̀ mọ́ kíkan òkun.

Káún kò lè wo òkun sàn o. Inú àgbá nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́ísítà tó wà níta nínú ibú kò ní ẹni tí yóò bu káún sí omi tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì lè dá kíkan náà dúró ni pé kí ayé dín èéfín tó ń tú kù. Mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ará Whiskey Creek kò pa èéfín kankan; òṣùwọ̀n ló yọ wọ́n. Wọ́n mọ ọjọ́ tí omi burú àti wákàtí tó sàn, wọ́n sì fi ìmọ̀ yẹn ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń wá fún etíkun tiwa nìyẹn.

Ìyá tó ń ṣe ògì mọ̀ pé wíwò kọ́ ni à ń fi mọ bí omi orí ògì ti kan tó. Àfi kéèyàn tọ́ ọ wò, kó sì ti mọ bí ó ṣe rí lánàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkun. Ní oṣù kẹta ọdún 1958 ni Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọn kábọ́ọ̀nù ojú ọ̀run lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, nǹkan bí 315 ni wọ́n ń rí nínú mílíọ̀nù kan; lónìí ó ti kọjá 420. Láti 1988 ni àwọn ará Yunifásítì Hawaii sì ti ń gbé ọkọ̀ lọ sí ibì kan nínú agbami, nǹkan bí 100 kìlómítà sí àríwá erékùṣù Oahu, wọ́n ń bu omi ibẹ̀ ní nǹkan bí oṣooṣù. Station ALOHA ni wọ́n ń pè é. Nítorí pé wọn kò jáwọ́ ni a fi mọ̀ dájú pé pH ojú òkun ń wálẹ̀ níbẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò tó 0.002 lọ́dún.

0.002 lọ́dún! Ẹ rò ó wò. Ẹ̀rọ pH kékeré tí àwọn tó ń sin ẹja nínú kòtò ń kì bọ omi lè fi jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí bíbu omi òkun fún ìwádìí fi ní ìlànà tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìgò ni wọ́n ti ń jẹ́ kí omi kún wá sókè, kí afẹ́fẹ́ má bàa pò mọ́ ọn. Wọ́n ń kán májèlé díẹ̀ sí i kí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ má bàa máa mí kábọ́ọ̀nù sínú ìgò, wọ́n á sì dé e pinpin. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n ń fi aró aláwọ̀ àlùkò kan sínú omi náà, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bí pH bá ṣe rí, ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ á sì sọ iye rẹ̀. pH nìkan kò sì tó. Ohun mẹ́rin ló wà tí a lè wọ̀n nínú ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù inú omi, ó kéré tán a gbọ́dọ̀ wọn méjì kí a tó lè ṣírò ìyókù. Láti mọ̀ pé ẹ̀rọ kò purọ́, àwọn onímọ̀ kárí ayé ń ra ìgò omi òkun tí a ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dájú, èyí tí yàrá ìwádìí Andrew Dickson ní Scripps, ní California, ń pèsè láti ọdún pípẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn ti Dickson; bí iye rẹ̀ bá bára mu, wọ́n á wá wọn tiwọn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí etíkun tiwa.

Láti Ivory Coast dé Gánà, omi ìsàlẹ̀ máa ń ru sókè lọ́dọọdún, pàápàá láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ó máa ń tutù, àwọn apẹja ibẹ̀ sì ń retí rẹ̀, torí omi yẹn ló ń gbé oúnjẹ wá fún ẹja ṣàwá. Àkókò ọ̀pọ̀ ẹja ni. Omi tó ń bọ́ ẹja yìí náà ló ń gbé kábọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ wá sókè, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Oregon. Ẹnì kan kò lè pè é ní ọ̀tá, kò sì yẹ kí a fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní í ṣe wá ní nǹkan.

Ti ọ̀sà wa tún ní ẹrù tirẹ̀. Odò Ògùn ń ya wọ ọ̀sà Èkó, odò Ọ̀ṣun ń ya wọ ti Lẹ́kí. Nígbà òjò, omi òjò tí kò ní kábọ́nẹ́ètì púpọ̀ nínú á bo ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì já wálẹ̀ gan-an. Lórí èyí ni ìdọ̀tí ilé, ìgbẹ́ àti èérún pákó láti àwọn ibi ìlagi tó wà létí ọ̀sà ti ń wọ omi láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo ohun tó bá ń jẹrà nínú omi ń tú kábọ́ọ̀nù sínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé kíkan etíkun kì í ṣe ti èéfín òkèèrè nìkan. Apá kan rẹ̀ wà níkàáwọ́ wa, a sì lè dín in kù láìdúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ etí omi gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn igi ẹ̀gbà tí a ń gé danù sì ni ilé ọ́ísítà, edé àti akàn wẹ́wẹ́.

Ta ló ń wọn omi yìí? Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà ti ní ilé ìwádìí òkun láti 1975, NIOMR, ní Victoria Island ní Èkó. Àjọṣe kan sì wà tí wọ́n ń pè ní BIOTTA, tó kó àwọn onímọ̀ láti Benin, Cameroon, Ivory Coast, Gánà àti Nàìjíríà pọ̀, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń wọn kíkan òkun ní Gulf of Guinea. Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣọ́ kíkan òkun, GOA-ON, ti bá àwọn mìíràn ṣètò àpótí irinṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti ẹ̀rọ ńláńlá, kí orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjọba wa náà sì ti fọwọ́ sí i, nínú àfojúsùn 14 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé pH òkun yẹ ní wíwọ̀n ní àwọn ibùdó tí a bá yàn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe bíbẹ̀rẹ̀. Jíjáwọ́ ni. Ẹ̀rọ dé, wọ́n ya fọ́tò, lẹ́yìn náà bátìrì kú, aró tán, kò sí owó epo ọkọ̀ ojú omi, ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ ti ríṣẹ́ sí báńkì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó léfòó ní ọ̀pọ̀ ibi ṣe, fi hàn pé láàárín agbami, ó gba ọdún 8 sí 15 kí a tó lè fọwọ́ sọ pé omi ń kan lóòótọ́, pé kì í ṣe ìyípadà ìgbà lásán. Létí ilẹ̀, níbi tí òjò, odò àti koríko ti ń yí omi padà lójoojúmọ́, ó gba ọdún 16 sí 41. Ọdún tí a bá fò láàárín kò ṣeé rí padà, torí kò sẹ́ni tó lè padà lọ bu omi àná. Nítorí náà, bí mo bá ní àṣẹ, owó ọdún 20 fún ibùdó méjì ni n ó yà sọ́tọ̀, kàkà kí n pín owó ọdún méjì fún ibùdó 20.

Ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kó ọ́ísítà àti akàn, ẹ lè bá wọn ṣe é. Ní gúúsù Benin, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ́ísítà, wọ́n mọ àwọn gbòǹgbò ẹ̀gbà tí ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ àti oṣù tó ń lẹ̀. Onímọ̀ tó dé lọ́kọ̀ lóṣooṣù kò lè mọ èyí. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ kò lẹ̀ ní oṣù tó yẹ, pé ìkarahun rọ̀ tàbí ó fẹ́lẹ́, pé akàn kú lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọ́fíìsì ẹja tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín létí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pH ọjọ́ náà, ohun tí ẹ kọ yẹn yóò wúlò fún onímọ̀ tó ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ náà, bí iye bá ti jáde, ẹ sọ ọ́ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gbà ni a ó sọ: bí a ṣe ń gbìn ín, oṣù tó yẹ, àti ìdí tí púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbìn fi ń kú.